Àádọ́ta pọ́n-ùn Captain Davies: ta ló dá CMS Grammar School Èkó sílẹ̀ gan-an?

Tíṣà Àná kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará.

Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́wàá tó mọ ìtàn díẹ̀ pé ta ló dá CMS Grammar School Èkó sílẹ̀ (CMS ni Church Missionary Society, ẹgbẹ́ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà láti ìlú òyìnbó), mẹ́sàn-án nínú wọn á ní Thomas Babington Macaulay ni, bàbá Herbert Macaulay, ọkọ Abigail ọmọ Àjàyí Crowther. Wọn ò parọ́. Macaulay ló ṣí ilé-ìwé náà ní June 6, 1859, òun náà ni ọ̀gá ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní January 1878. Àmọ́ ara mi kì í gbà á tí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ẹnì kan wà tó tọwọ́ bọ àpò nígbà tí Macaulay ò tíì ní ìwé tí yóò fi kọ́ ọmọ kankan. James Pinson Labulo Davies ni, ẹni tí gbogbo Èkó ìgbà náà mọ̀ sí Captain Davies.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1859, Davies gbé £50 fún Macaulay pé kó fi ra ìwé àti ohun èlò. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà, ọmọ mẹ́fà ti wọlé. Inú ọgbà ni gbogbo wọn ń sùn. Ilé kékeré kan ní Broad Street, tí wọ́n ń pè ní Cotton House, ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látìnì, Gíríìkì, ìṣirò, ìtàn, ẹ̀kọ́ nípa ayé àti Bíbélì. Ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ nílẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà lónìí nìyẹn. Nígbà tó di 1867 tí wọ́n ń kó owó jọ láti kọ́ ilé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, Davies tún dá £100.

Ta wá ni Davies? Abúlé Bathurst ní Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n bí i sí, August 14, 1828. Yorùbá pọ́ńbélé ni bàbá àti ìyá rẹ̀, lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú gba orí òkun. Ó kàwé ní ilé-ìwé girama CMS ní Freetown, ó ṣe tíṣà díẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ó sì fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1856. Epo pupa tó ń kó ránṣẹ́ sókè òkun àti ọjà tó ń kó bọ̀ ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jíròrò ni èyí: ọkùnrin yìí kò kọ́ ọmọ kankan níbẹ̀, kò jókòó sórí àga ọ̀gá ilé-ìwé, orúkọ rẹ̀ ò sì sí lára ilé-ìwé náà. Ṣé ó yẹ kí a ka irú rẹ̀ mọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀?

Ojú Abẹ Níkòó kọ:

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ra bírò fún akọ̀wé, ṣé òun ló kọ ìwé? Davies lówó, ó mú díẹ̀ nínú ẹ̀ sílẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó parí. Ọdún méjìdínlógún lé díẹ̀ ni Macaulay fi jí láàárọ̀ láàárọ̀ kojú ọmọ olọ́mọ. Ẹ má jẹ́ ká fi owó ra ohun tí wọ́n fi òógùn ṣe.

Aṣírò Owó kọ:

@Ojú Abẹ Níkòó, ọ̀rọ̀ rẹ dùn létí, ṣùgbọ́n bi ara rẹ pé ibo ni owó ilé-ìwé náà tún ti lè wá nígbà yẹn.

O lè ní CMS ni. Lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni. Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé CMS ní London gbà pé ó yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wà ní Áfíríkà bọ́ ara rẹ̀, kó darí ara rẹ̀, kó sì tan ìyìn rere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dáa gan-an. Àmọ́ lójú ẹni tó ń ṣírò owó, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé London á súre fún yín, ẹ̀yin á wá owó. Àwọn oníwàásù òyìnbó kan tó wà nílẹ̀ níbí ò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Látìnì àti Gíríìkì yẹn rárá. Lójú tiwọn, iṣẹ́ ọwọ́ àti Bíbélì Yorùbá tó ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní kí òun dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní láti wá ẹni tó máa gbà á gbọ́ láàárín àwọn èèyàn tiẹ̀.

Wá wo ohun tí wọ́n fi owó yẹn ṣe. Ìwé ni wọ́n rà. Ìwé Látìnì ò sí lọ́jà Èkó ní 1859 o. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ẹni tó sì ń ránṣẹ́ sí i gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mọ̀ lọ́hùn-ún, kó sì ní owó gidi lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Davies ní méjèèjì. Ilé lè wà láìsí òun, torí wọ́n ti ní Cotton House. Olùkọ́ ti wà. Ohun tí kò sí gan-an ni ó pèsè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ilé-ìwé tí àwọn òbí ń san bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ró. Ta wá ni yóò kọ́kọ́ san owó fún ilé-ìwé tí kò ní ìwé?

Ọmọ Sàró kọ:

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé.

Kò sí ohun tí Macaulay àti Davies ṣe ní Èkó tí wọn ò tíì fojú ara wọn rí ní Freetown. CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní 1827, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Ní 1845 ni ilé-ìwé girama ti Freetown ṣí, òun ni Davies lọ. Macaulay fúnra rẹ̀ ti kàwé ní Fourah Bay, ó sì tún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Islington ní London. Nítorí náà nígbà tí wọ́n dé Èkó, wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ ilé-ìwé girama, wọ́n sì mọ ibi tó lè gbé ọmọ dé.

Ó sì gbé wọn dé ibẹ̀ lóòótọ́. Ní 1876 ni Fourah Bay so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham, tí ọmọ Áfíríkà fi lè gba oyè yunifásítì láì kọjá òkun. Isaac Olúwọlé gba B.A. níbẹ̀, ó padà sí Èkó, ó sì di ọ̀gá CMS Grammar School lẹ́yìn ikú Macaulay, láti 1879 títí dé 1893 tí wọ́n fi jẹ́ ẹ ní bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ rí i bí okùn náà ṣe lọ: kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Freetown, girama ní Èkó, padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí kò bá sí ilé-ìwé girama láàárín, ọmọ Èkó á kàn máa wo kọ́lẹ́ẹ̀jì lókèèrè ni.

Ojú Abẹ Níkòó kọ:

Mo ti gbọ́ ti ìwé Látìnì. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí owó ti wá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé ó ṣe ọmọ ogun ojú omi fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò kọ ọ́ pé ó wà lára àwọn tó gbógun wá sí Èkó ní December 1851, nígbà tí wọ́n da ọta ìbọn ńlá bo ìlú, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ pàápàá. Ọkùnrin tó bá wọn fọ́ ìlú ló padà wá di ọlọ́rọ̀ nínú ìlú náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun yẹn ni wọ́n gba Èkó pátápátá. Ṣé òun lẹ fẹ́ ká máa kọrin fún?

Tíṣà Àná kọ:

Àbúrò, o ò purọ́, mi ò sì ní fi ọwọ́ bo ojú.

Ó wà nínú ogun 1851. Ọkọ̀ ogun *Bloodhound* àti *Volcano* ló ti ṣiṣẹ́, ìwọ̀nyí sì wà lára àwọn tó ń ṣọ́ etíkun láti mú àwọn olówò ẹrú. Ṣùgbọ́n rántí ẹni tó jẹ́. Ọmọ àwọn tí wọ́n tà ni. Èkó ìgbà Kòsọ́kọ́ sì wà lára èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú jùlọ ní gbogbo etíkun yìí. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní Bathurst nítorí pé wọ́n já ìyá rẹ̀ gbà lójú òkun, ojú tó fi máa wo ìbọn tó dún ní Èkó á yàtọ̀ sí ojú tí èmi àti ìwọ fi ń wò ó.

Ìyẹn ò sọ òyìnbó di ẹni mímọ́ o. Ní August 6, 1861, tí Ọba Dòsùmú tọwọ́ bọ ìwé pé òun gbé Èkó fún wọn, ọkọ̀ ogun wà lójú ọ̀sà nígbà tó ń tọwọ́ bọ̀ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì wá fún òwò. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, jàǹfààní nínú rẹ̀, Davies ju ọ̀pọ̀ lọ. Èmi ò ní kí a kọrin fún un. Mo ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ síbi tó yẹ, kí a sì kọ ogun 1851 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé ìtàn gba méjèèjì.

Ìyá Àdúgbò kọ:

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ tó. Mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Aina, kò sí.

Òun náà ni Sarah Forbes Bonetta, ìyàwó Davies. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni, ti Òkè Ọ̀dàn, tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì kó nígbà tí wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀. Ọba Ghezo fi í ṣe ẹ̀bùn fún Ayaba Victoria nípasẹ̀ Captain Forbes ní 1850. Forbes ló fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, *Bonetta*, sọ ọmọ náà. Ọmọ kékeré tí ìbá ti kú ní Àbọ̀mẹ́ di ẹni tí Ayaba ń bójú tó. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé àwọn obìnrin CMS ní Freetown, wọ́n tún mú un padà sí ìlú òyìnbó.

Nígbà tí Davies tí ìyàwó rẹ̀ ti kú wá fẹ́ ẹ, kò fẹ́. Ó kọ lẹ́tà pé òun ò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, owó rẹ̀ ò sì lè yí òun lọ́kàn padà. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló tì í títí ó fi gbà. Wọ́n gbéyàwó ní August 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kún ojú títì, èrò òyìnbó tò láti wò wọ́n. Àwòrán ìgbéyàwó wọn wà títí di òní: òun nínú aṣọ ńlá tó gbòòrò nílẹ̀, Davies nínú kóòtù dúdú, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì. (Mo mọ̀ pé àwòrán ìgbà náà kì í gba ẹ̀rín. Síbẹ̀.)

Àkọ́bí wọn ni Victoria, ọmọ ìsàmì Ayaba. Cheltenham Ladies' College ni ọmọ yẹn ti kàwé, ní ìlú òyìnbó. Mo mọ̀ pé Ayaba ló ń nawó. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí bàbá rẹ̀ fi £50 bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ọkùnrin nìkan ló ń gbà. Ẹ ronú sí i.

Tíṣà Àná kọ:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ó yẹ kí n ti fi sí òkè.

Olówó Ṣọ́ọ̀ṣì kọ:

Davies lọ́lá gan-an. Ṣé ó kú sínú ọlá náà?

Aṣírò Owó kọ:

@Olówó Ṣọ́ọ̀ṣì, rárá o. Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ má bínú pé mo fẹ́ gùn díẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn olówò Èkó ìgbà yẹn ń gbà ṣe òwò ni pé wọ́n ń gba ọjà láwìn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Manchester tàbí Liverpool: aṣọ, ìbọn, ọtí, iyọ̀. Wọ́n á tún fún àwọn alágbàtà tó ń lọ sókè odò ní awìn. Àwọn yẹn á lọ ra epo àti ẹ̀kùrọ́ bọ̀. Epo á lọ sókè òkun, wọ́n á fi san gbèsè àkọ́kọ́. Tí epo bá dé lásìkò tó sì tà dáadáa, ẹni tó wà láàárín á lówó. Tí ọ̀nà bá dí tàbí tí owó epo bá já lulẹ̀ ní Liverpool, ẹni tó wà láàárín yẹn náà ni gbèsè máa wó lé.

Ọ̀nà dí. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn ń bára wọn jà, Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, wọ́n ń ti ọ̀nà pa. Ní 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Owó epo ń wálẹ̀ ní ọjà òkèèrè. Davies ti na ọwọ́ jìnnà. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1870, àwọn tó jẹ ní gbèsè ní ìlú òyìnbó gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀. Ọkùnrin tó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ni mò ń sọ yìí o.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí. Tó bá jẹ́ pé ó so ilé-ìwé yẹn mọ́ òwò rẹ̀, bóyá pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ń lò tàbí pé òun ló ń san owó olùkọ́ lóṣooṣù, ọjọ́ tó wọ gbèsè ni àwọn tó jẹ ní gbèsè ì bá ti lẹ àkọlé mọ́ ilẹ̀kùn ilé-ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tó fún wọn ti di ìwé, ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí adájọ́ tó lè gbà á padà. Àwọn ọmọ ń ka ìwé wọn lọ. Ní 1877, nígbà tí nǹkan ti dojú rú fún Davies, ni Herbert ọmọ Macaulay wọlé sí ilé-ìwé náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́.

Ojú Abẹ Níkòó kọ:

Hmm. Ìyẹn mú mi ronú. Mo rò pé ọlọ́rọ̀ tó ń fọ́nnu lẹ̀ ń gbé lárugẹ.

Olóko Kòkó kọ:

Ẹ má jẹ́ kí gbèsè parí ìtàn náà. Lẹ́yìn tí òwò fọ́, Davies mú ọkọ́.

Ní 1879 sí 1880, ó dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọn, lápá ọ̀dọ̀ Àgége. Ó gba irúgbìn láti ọwọ́ ọkọ̀ Bùràsíìlì kan àti láti erékùṣù Fernando Po. Kì í ṣe oko eré. Òun ló kọ́kọ́ fi kòkó ṣe oko ńlá lágbègbè Èkó, ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ rẹ̀ ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn olóko Àgége. J. K. Coker wà lára wọn, òun tó wá di òpó nínú African Church. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe oko ní Àgége ló ń gbé irúgbìn lọ sílé wọn. Ẹ wo bí kòkó ṣe bo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn náà. Ẹ tún rántí pé owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Àwọn èèyàn máa ń gbójú fo èyí, torí wọ́n rò pé owó nìkan ni ẹni tó ń ran ilé-ìwé lọ́wọ́ lè fi sílẹ̀.

Ibi oko yẹn náà ló gbé òkúta ìrántí ìyàwó rẹ̀ sí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa Aina ní Madeira ní August 15, 1880, níbi tó lọ wá ìwòsàn sí. Ẹni ọdún 37 ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá Tòótọ́ kọ:

Mo kí gbogbo yín. Tí a bá ń sọ ti Sàró ọlọ́rọ̀ tó ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ẹ má gbàgbé Richard Beale Blaize. Freetown náà ni wọ́n bí i sí, ní 1845. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó yà sí òwò, ó sì gbé ìwé ìròyìn *Lagos Times* jáde ní 1880. Ó kú ní 1904. Owó tó fi sílẹ̀ ni wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè: Blaize Memorial Institute. Kì í ṣe Látìnì. Káfíńtà àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi fẹ́ràn ti Blaize ju ti Davies lọ. Ẹ má bínú.

Ọmọ Sàró kọ:

@Ọmọ Ẹ̀gbá Tòótọ́, kí ló dé? Blaize fi orúkọ rẹ̀ sára ilé-ẹ̀kọ́, Davies ò fi. Èyí tí ò fi orúkọ sí i ni èmi fẹ́ràn.

Ọmọ Ẹ̀gbá Tòótọ́ kọ:

Blaize ti kú kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sí i! Òkú ò lè fọ́nnu. Ohun tí mo ń sọ ni pé òun ronú nípa ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò ní owó ilé-ìwé girama. Ta ló ń lọ sí CMS Grammar School ní ìgbà yẹn? Ọmọ oníṣòwò, ọmọ àlùfáà, ọmọ akọ̀wé ìjọba. Wọ́n jáde, wọ́n di akọ̀wé, wọ́n di agbẹjọ́rò. Ọmọ àgbẹ̀ tó wà ní Ìtòkò, kí ni Gíríìkì máa ṣe fún un?

Aṣírò Owó kọ:

Ohun tí Gíríìkì máa ṣe fún un ni pé òyìnbó ò ní lè sọ fún un pé kò lè mọ Gíríìkì. Mi ò fi ṣeré. Gbogbo iṣẹ́ ńlá ní ìjọba Èkó ń béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé girama. Bí kò bá sí i, òyìnbó nìkan ló máa jókòó sórí àga wọ̀nyẹn, àwa á sì máa gbẹ́ àga náà fún wọn nílé-ẹ̀kọ́ Blaize.

Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ pé ọmọ tálákà ò rí àyè níbẹ̀.

Olówó Ṣọ́ọ̀ṣì kọ:

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan tó kàn mí. Ẹgbẹ́ àwọn tó jáde nílé-ìwé wa (mi ò ní dárúkọ rẹ̀) ti kó owó jọ. Apá kan fẹ́ fi kọ́ géètì ńlá tí orúkọ àwọn olùdáwó máa wà lára ẹ̀, èyí tó dáwó jù lókè pátápátá. Apá kejì ní kí a ra ohun èlò sí yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, torí àwọn ọmọ ń ka kẹ́mísìrì láì fọwọ́ kan ìgò kankan. Èmi wà ní apá géètì, kí n sọ òótọ́. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ lára géètì á tún dáwó lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ra ìgò, ta ló máa rántí rẹ̀?

Tíṣà Àná kọ:

@Olówó Ṣọ́ọ̀ṣì, mo lóye rẹ, o sì ní ọgbọ́n nínú. Owó ọdún tó ń bọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ géètì ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ ṣe é báyìí: ẹ ra ìgò, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn olùdáwó sínú ìwé tí ọ̀gá ilé-ìwé yóò máa kà lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ìyẹn ò ní gbà ju ìwé kan àti bírò kan lọ.

Ojú Abẹ Níkòó kọ:

Ẹ ra ìgò o jàre. Èmi náà ka kẹ́mísìrì láì fọwọ́ kan ìgò, mo dẹ̀ rí àbájáde ẹ̀ nínú ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, kí n padà sórí ìbéèrè yín. Mo ṣì dúró lé e pé Macaulay lókè. Ẹni tó fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ fún nǹkan àti ẹni tó fi £150 fún un kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n mo gbà pé tí wọ́n bá ń ka ìtàn ilé-ìwé náà lọ́jọ́ June 6, kí orúkọ Davies tẹ̀ lé e tààrà, kó má wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kí àwọn olùrànlọ́wọ́. Kí wọ́n sì ka ti 1851 pẹ̀lú. Ìyẹn ni mo lè gbà.

Tíṣà Àná kọ:

Mo fara mọ́ ọn. Ó dára ju èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìyá Àdúgbò kọ:

Ẹ ti parí, ẹ ò sì dáhùn tèmi. Mo ní ilé-ìwé yẹn ò gba obìnrin. Kí ni àwọn Sàró ọlọ́rọ̀ yìí ṣe nípa ọmọbìnrin?

Ọmọ Sàró kọ:

Ẹ má bínú, mọ̀mí. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn ti ọkùnrin, ní 1869, ni CMS tó ṣí ilé-ìwé àwọn obìnrin ní Èkó. Òun ló wá di St Anne's, tó wà ní Ìbàdàn báyìí. Àwọn ìjọ Wesley náà, 1878 ni wọ́n ṣí Methodist Boys' High School, ti obìnrin tẹ̀ lé e ní 1879. Ní ti ìjọba, King's College ṣí ní 1909, Queen's College di 1927.

Ìyá Àdúgbò kọ:

Ọdún méjìdínlógún láàárín King's àti Queen's! Ìjọ Wesley nìkan ló tiẹ̀ ṣe é bí ẹni tó nítìjú.

Mo ń bọ̀ wá ṣí ìjíròrò mìíràn lórí St Anne's lálẹ́ Sátidé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kàwé níbẹ̀ kó mú àwòrán wá. Ojú Abẹ Níkòó, ìwọ náà wá, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bi ìyá rẹ àgbà bóyá wọ́n jẹ́ kó lọ sílé-ìwé.